Àmì Orí Ọ̀rọ̀, Ta Ló Wà Fún?

Ẹni tó ti ń gbọ́ Yorùbá láti kékeré, tó sì ti kàwé jìnnà, lè ka Yorùbá tí kò ní àmì kankan lórí. Bó bá rí "oko" lórí bébà, ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú àti èyí tó tẹ̀ lé e ni yóò sọ fún un bóyá oko tí à ń ro ni àbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Ó ń méfò ni, ṣùgbọ́n ó yára débi pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ló ń tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá kan ọ̀rọ̀ tó lè jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kíkọ́ àwọn àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, ohun tí iṣẹ́ náà sì fi yé mi nìyí: àwa tí a mọ̀wé là ń sọ pé àmì ohùn kò pọn dandan, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwa ni wọ́n ṣe é fún.

Àwọn tó ń wá sí kíláàsì wa kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òpè. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n ní ìhà Ọ̀nà-Àrà, ìyá tó ń yan gàrí ni wọ́n ní Lágelú, òṣìṣẹ́ oko adìẹ ní Ẹgbẹ́dá, alájàpá tó ń kó ata àti tòmátì láti ọjà Ṣáṣá ní Akínyẹlé. Púpọ̀ nínú wọn ló ní agbo ilé nínú ìgboro Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ọdún, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé òkú wọn lọ, ṣùgbọ́n abúlé ni ọ̀nà oúnjẹ wọn wà. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni a máa ń pàdé, nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọdé bá ti lọ, tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, a kì í rí wọn. Bí kòkó bá ń pọ́n, a kì í rí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àgbẹ̀ níwèé gbọ́dọ̀ fara mọ́ èyí láìbínú, nítorí oko ló ń bọ́ wọn, kì í ṣe kíláàsì.

Bí mo bá bi wọ́n pé kí ló gbé wọn wá, ìdáhùn tí mo ń gbọ́ jù ni pé ọ̀rọ̀ ìtẹ̀ka ti sú wọn. Ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù fẹ́ yá wọn lówó, wọ́n ní kí wọ́n tẹ̀ka. Ilé ìwé ọmọ pe òbí, wọ́n ní kí wọ́n tẹ̀ka. Ìyá kan ní Lálúpọn sọ fún mi pé, "Tíṣà, ẹ sáà kọ́ mi kí n mọ orúkọ ara mi í kọ, kí n má tún na àtàǹpàkò sí ọmọ tí mo lè bí mọ́." Àwọn mìíràn fẹ́ ka Bíbélì wọn fúnra wọn. Àwọn kan fẹ́ máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà máa bá wọn ka ọ̀rọ̀ àṣírí. Orúkọ la fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ bí orúkọ òun ṣe ń dún. Ibẹ̀ náà ni àmì ti ń wọlé. Obìnrin tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ kò ní dáhùn bí o bá pè é ní Abẹkẹ tí ohùn rẹ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní ìhà Ọ̀nà-Àrà, kòkó àti kókò jọ ń hù nínú oko kan náà. Nígbà tí kòkó bá ṣì kéré, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àgbẹ̀ ń gbìn sáàárín rẹ̀ kí ewé wọn lè ṣíji bò ó, kí owó díẹ̀ sì máa wọlé títí kòkó yóò fi so. Obìnrin kan nínú kíláàsì wa ní kí ọmọ rẹ̀ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama máa bá òun kọ ọjà tí òun ń tà sínú ìwé. Ọmọ kọ "koko apo 3" lọ́jọ́ kan, ó tún kọ "koko apo 2" lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí ìyá ń kà á níwájú mi, lẹ́tà kò dí i lọ́wọ́ rárá, ṣùgbọ́n kò lè sọ èwo ni kòkó tó tà fún àwọn tó ń ra kòkó, èwo ni kókò tó gbé lọ sọ́jà, bẹ́ẹ̀ owó méjèèjì kò sún mọ́ra. Ọmọ mọ ohun tó ń kọ nígbà tó ń kọ ọ́. Ìyá ló wá fẹ́ kà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun ló ni owó, òun ni ìwé náà sì kọ̀ láti bá sọ̀rọ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan nídìí iṣẹ́ yìí gbà pé lẹ́tà lásán ló yẹ ká kọ́kọ́ fi kọ́ àgbà, pé àmì yóò dà wọ́n lójú rú. Ohun tí mo fojú rí kò jọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ló ń le fún wọn. Ọwọ́ tó ti ń di ọkọ́ mú láti ìgbà èwe máa ń tẹ pẹ́ńsù títí yóò fi kán. Wọ́n máa ń kọ b sí ibi tí d yẹ kó wà. I àti l jọra jù fún ojú tó ti ń ṣe bàìbàì. Àmì ohùn kì í le fún wọn bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó rí mi. Wọ́n ti gbọ́ gángan tó ń ki ènìyàn, ohùn nìkan ni gángan sì ní, kò ní lẹ́tà. Nítorí náà mo máa ń súfèé orúkọ ẹnì kan nínú kíláàsì, n ó sì béèrè pé ta ni mo pè. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dáhùn, wọn kì í sábàá ṣì í. Lẹ́yìn náà ni n ó mú ṣọ́ọ̀kì: ohùn tó lọ sókè, ilà tó gòkè, ohùn tó lọ sílẹ̀, ilà tó sọ̀ kalẹ̀, ohùn àárín, a kì í fi nǹkan kan sí i. Dò, re, mí. N ó wá kọ igba, igbá, ìgbá, ìgbà àti igbà sójú pátákó. Bàbá tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ kì í pẹ́ dá tirẹ̀ mọ̀, ìyá tó ń ta ìgbá kì í pẹ́ dá tirẹ̀ mọ̀, kí oòrùn tó wọ̀ wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn lórí àwọn yòókù.

Ohùn àárín yẹn ló yẹ kí àwọn tó ń fo àmì ronú lé. Nínú ìlànà ìkọ̀wé wa, àìsí àmì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Fáwẹ̀lì tí kò ní àmì lórí ń sọ fún òǹkàwé pé re ni kó pe òun. Bí mo bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi ní òfin yìí lọ́jọ́ Ajé, tó sì rí pátákó tí kò ní àmì kankan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pátákó náà kò dákẹ́ fún un, irọ́ ló ń pa fún un. Re, re, re, re ni yóò máa kà, yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú èdè rẹ̀ rí. Ohun tó sì máa ń rò ni pé òun ni kò mọ̀ ọ́n kà. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí: àgbàlagbà tó jókòó tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé orí òun kò jí, nígbà tó jẹ́ pé ìwé tó wà níwájú rẹ̀ ni kò pé.

Ní ọ̀pọ̀ abúlé wọ̀nyí, a máa ń rí àwọn tó lọ sí ilé kéú ní kékeré. Àwọn ni ọ̀rọ̀ àmì máa ń tètè yé jù, ó sì nídìí. Nínú ìwé Lárúbáwá, háráfì nìkan kò sọ bí a ó ṣe pe ọ̀rọ̀ tán. Àwọn àmì kéékèèké tó ń wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń fi hàn bóyá a, i tàbí u ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń da Al-Kùránì kọ, àwọn àmì yìí kò sí níbẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì àti lẹ́nu àwọn tó bá a gbé kò nílò wọn. Ìgbà tí ẹ̀sìn tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí Lárúbáwá kì í ṣe èdè abínibí wọn ni àṣìkà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Abu al-Aswad al-Du'ali, ará Basra, ní ọ̀rúndún keje, ni ìtàn sọ pé ó kọ́kọ́ fi àmì tó-tò-tó sí i. Al-Khalil ibn Ahmad ní ọ̀rúndún kẹjọ ni wọ́n sì ní ó ṣe irú èyí tí à ń rí lónìí. Títí di ìsinsìnyí, ìwé ìròyìn tí àwọn Lárúbáwá ń kà kì í ní àmì yìí, nítorí àwọn òǹkàwé rẹ̀ ti mọ èdè náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ kó Al-Kùránì tí kò ní àmì wá fún àwọn ọmọ kéú ní Lálúpọn. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Tíṣà, àwọn tó ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i yìí, ṣé wọn kò ní àáfà tó ń tún un ṣe fún wọn ni?" Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó rò pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbì kan.

Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu pé àwọn ọmọ kéú tètè ń gbà á. Àwọn àáfà ti ń fi háráfì Lárúbáwá kọ Yorùbá, èyí tí wọ́n ń pè ní àjámì, kí àwọn òyìnbó ìjọ tó dé ilẹ̀ wa.

Ìṣòro àwọn onígbàgbọ́ yàtọ̀. Wọ́n ti mọ Bíbélì sórí kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n kà. Bí mo bá ṣí Sáàmù kẹtàlélógún fún ẹnì kan, yóò máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ yóò sì ti fi ìka sílẹ̀ lẹ́yìn. Mo ní láti ṣí ìwé Númérì, níbi tí orúkọ pọ̀ sí, kí n tó mọ ibi tí kálukú dé. Ọ̀pọ̀ Bíbélì tó wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ ti ìtẹ̀jáde àtijọ́, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ lódindi sínú ìwé kan ṣoṣo ní 1900, àmì ohùn inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó fi ìpìlẹ̀ ìkọ̀wé wa lélẹ̀ kò fojú kéré ohùn rárá. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n sì gbé lọ sí Freetown, ló tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ tirẹ̀ jáde ní 1843. Nínú èyí tó tún ṣe ní 1852, ó fi àmì sábẹ́ e, o àti s, ó sì fi àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ hàn lórí ọ̀rọ̀. Ọmọ tó ni èdè ló ń fi àmì kọ èdè ara rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1853, David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí oko Ìbàdàn, pẹ̀lú lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́.

Mo fẹ́ràn láti máa sọ fún kíláàsì nípa ọgbọ́n tó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì yìí. Lẹ́tà 25 ni, kò sí èyí tó wà fún ẹwà nínú wọn. A kò ní irú p tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní, nítorí náà p kan ṣoṣo tó fún ohùn tiwa tí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n jọ ń pè. Ṣùgbọ́n a ní b, a sì ní gb, ìdí nìyẹn tí gb fi ń gba lẹ́tà méjì. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Láti 1975 tí wọ́n ti ní álífábẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èdè ilẹ̀ wọn ń lò, ɛ àti ɔ ni àwọn Yorùbá ibẹ̀ ń kọ, kp ni wọ́n ń kọ níbi tí a ti ń kọ p, sh níbi tí a ti ń kọ ṣ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ti ìhà Kétu wá ṣiṣẹ́ oko lọ́dọ̀ wa máa ń wo ìwé wa bí ohun àjèjì, títí a ó fi kà á sókè, tí wọ́n á ní, "Háà, tiwa náà rèé!"

Ìlànà tí à ń tẹ̀ lé ní Nàìjíríà lónìí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní 1965. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ kan dìde tó jábọ̀ ní 1966, òmíràn tẹ̀ lé e ní 1969, nígbà tó sì di 1974 ìjọba fọwọ́ sí èyí tí ilé ẹ̀kọ́ ń lò títí di òní. "Aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn", "nwọn" di "wọ́n", "yio" di "yóò". Mo gbà pé àtúnṣe náà dára, nítorí ó jẹ́ kí lẹ́tà bá ẹnu mu. Ṣùgbọ́n àkọtọ́ méjì ló ń bẹ lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní kíláàsì wa, ti Bíbélì àti ti ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì ní láti máa ṣàlàyé pé kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe, pé àwọn bàbá wa ló kọ tọ̀hún, àwọn ọmọ wọn ló kọ eléyìí. Ìlànà yìí kan náà ló ní ká má kọ lẹ́tà kan lémejì bí kò bá ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Síbẹ̀, ẹ lọ wo orúkọ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Ìyànà-Ọ̀fà ni ìlú ń jẹ́ lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Lórí pátákó, "Iyana Offa" ni, f méjì, láìsí àmì lókè, láìsí àmì nísàlẹ̀.

Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Egbeda, Erunmu, Lalupon, Ejioku, Akanran, Moniya: bí wọ́n ṣe kọ wọ́n sójú títì nìyẹn, bí wọ́n ṣe wà lórí ìwé ìjọba nìyẹn, ọmọ ibẹ̀ nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń dún. Àlejò yóò kà á bó ṣe wù ú. Láàárín ìran méjì, bí àlejò ṣe ń pè é ni ọmọ onílùú náà yóò máa pè é, nítorí pátákó ló bá lójú títì. Mo ti bá àwọn tó ń kọ pátákó sọ ọ́ pé ọ̀dà tí yóò tò sábẹ́ ẹ kò tó ẹ̀kán omi kan. Àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ gbà, wọ́n sì ń ṣe é bí a bá kọ ọ́ fún wọn dáadáa. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ fléẹ̀sì ni iṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe tiwọn tán. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ ní àyè tirẹ̀, é ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. A ní láti so àmì mọ́ ẹ ni. Bí irú lẹ́tà tí ẹni tó ń tẹ̀wé lò kò bá mọ sísopọ̀ yìí, àmì yóò fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sí ibi tí fáwẹ̀lì wà. Nígbà tí wọ́n bá rí àpótí yẹn, wọ́n á pa gbogbo àmì rẹ́ kí iṣẹ́ lè mọ́ lójú. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ti wà. Ní Ìbàdàn níbí ni Túndé Adégbọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Alt-i ti ṣe bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé Yorùbá, Kọ́lá Túbọ̀sún náà ṣe tirẹ̀ mọ́ iṣẹ́ orúkọ Yorùbá tó gbé jáde, Gboard ti Google sì ń gba Yorùbá lórí fóònù. Mo ń fi í sórí fóònù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí fóònù rẹ̀ bá gbà á. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nílé kì í lò ó. Ohùn ni wọ́n ń gbà sórí WhatsApp ránṣẹ́ sí ìyá wọn, inú ìyá sì ń dùn láti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohun tí à bá kọ kò sí nílẹ̀ mọ́ fún ẹni tó ń fẹ́ nǹkan láti kà.

Ohun kíkà ni ìyàn rẹ̀ mú wa jù. Ẹni tó bá ti kọ́ ìwé kíkà tán ní abúlé, kí ni yóò kà? Ara ike oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ síbẹ̀, títí kan ibi tí wọ́n ti kìlọ̀ pé májèlé ni. Ìwé báǹkì, Gẹ̀ẹ́sì. Rìsíìtì, Gẹ̀ẹ́sì. Èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969, tí Tàfá Adéoyè àti àwọn àgbẹ̀ yòókù láti oko Ìbàdàn kọ owó orí tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn, títí ìjọba fi dín in kù sí pọ́n-ùn méjì, ìwé tí àwọn akówó-orí ń já fún àgbẹ̀ kì í ṣe èyí tí púpọ̀ nínú wọn lè kà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbé páànù kan wá tí bàbá rẹ̀ tó ti kú fi ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bàbá náà tọ́jú gbogbo rẹ̀ pátá, nítorí bí wọ́n bá tún padà wá, ìwé yẹn nìkan ni ẹ̀rí tó ní. Kò mọ ohun tó wà nínú ọ̀kankan. Lónìí, a ní ìwé ìròyìn Aláròyé bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, a ní ìwé orin, ìyókù di ohun tí èmi fúnra mi ń kọ tí mo sì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kó gbà wá lọ́wọ́ èyí. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn yòókù. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ lọ, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò gbẹ́yìn. Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè ìyá jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní November 2025, wọ́n fagi lé e. Inú mi kò dùn sí i, n kò sì rí ìdí tí a ó fi dákẹ́, nítorí ẹ̀kọ́ Ifẹ̀ yẹn ṣì wà nílẹ̀, n kò sì tíì rí ẹni tó fi ẹ̀rí mìíràn já a. Ní báyìí, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ti ń yọjú sí kíláàsì àgbà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Wọ́n máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní àwọn wá mú ìyá àwọn lọ sílé. Lẹ́yìn díẹ̀ wọ́n á wọlé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé orúkọ pẹ̀lú wa. Àwọn kan nínú wọn kò rí ẹni fi àmì ohùn hàn wọ́n rí.

Nígbà tí ogun dé Ukréìn ní February 2022, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ń sá padà wálé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo bá rí nípa èdè ilẹ̀ náà. Lẹ́tà 33 ni álífábẹ́ẹ̀tì wọn ní. Ní 1863, mínísítà ọba Rọ́ṣíà kan, Valuev, ní kí wọ́n má tẹ ìwé ẹ̀sìn àti ìwé ẹ̀kọ́ fún mẹ̀kúnnù ní èdè náà mọ́. Ní 1876, ọba Alexander Kejì tún fòfin de èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tó kù, kódà ó ní kí wọ́n má kó o wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè. Ní 1933, lábẹ́ Stalin, wọ́n yọ lẹ́tà kan pátápátá kúrò nínú álífábẹ́ẹ̀tì wọn, ґ, èyí tó dúró fún irú ohùn g tiwa, wọ́n ní kí lẹ́tà tó ń dún bí h máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ọdún 1990 ni wọ́n tó dá a padà. Mo ronú lé èyí lọ títí. Lẹ́tà kan ṣoṣo, tí ọ̀rọ̀ tó ń lò ó kò sì pọ̀, àwọn ènìyàn rántí rẹ̀ fún ọdún 57 títí wọ́n fi gbà á padà. Ní tiwa, kò sí ọba tó fòfin de ẹ, ọ àti ṣ, kò sí ìjọba tó yọ àmì ohùn kúrò. Ìjọba tiwa ló fọwọ́ sí wọn. Àwa la ń fi wọ́n sílẹ̀ lórí pátákó, lórí fóònù, lórí ìwé ìkésíni ìgbéyàwó, nítorí pé a mọ ohun tí a fẹ́ sọ, tí a kò sì ronú kan ẹni tó fẹ́ kà á.

Láti ọdún 2000, wọ́n ní àṣà kan ní Ukréìn tí mo fẹ́ kí a yá lò. Lọ́jọ́ kan lọ́dọọdún, rédíò yóò ka ọ̀rọ̀ kan jáde díẹ̀díẹ̀, gbogbo ẹni tó bá fẹ́, ọmọ ilé ìwé, olùkọ́, ọmọ ogun, yóò jókòó ti pẹ́ńsù, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì tó yẹ. Ní ilẹ̀ Ìbàdàn, kò sí abúlé tí rédíò kò dé. Àwọn àgbẹ̀ ń gbé e lọ sóko, Yorùbá tí wọ́n ń gbọ́ lórí rẹ̀ sì gún régé. Ohun tí a nílò kò ju ojú ìwé kan lọ, ẹni tó lè kà á dáadáa, àti àwọn olùkọ́ tí yóò gba ìwé wọlé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ kó gbọ́. Kí wọ́n tó dáhùn, àwa yóò ṣe tiwa nínú kíláàsì lẹ́yìn tí wọ́n bá ká kòkó tán. Ọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń yan gàrí la ó kọ, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń yan án ló sọ ọ́ tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà ni yóò sì kà á fún wa. Èmi yóò jókòó láàárín àwọn tó ń kọ. Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama méjì ti ní àwọn ń bọ̀, mo sì ti sọ fún wọn pé bí a ṣe ń máàkì ti àwọn ìyá la ó ṣe máàkì tiwọn, àmì tí wọ́n bá fò, a ó fi bírò pupa fà á yọ.